Ohùn Tí A Gbé Wọ Ìyá Àgbà Jolana

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ 2025

Mo ti gbà láti bá Alhaji Wàhídù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà wá àwáwí lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìsinmi ilé-ìwé wa kù, n kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí n máa bá Haniyyah ọmọ mi jà lórí fóònù lọ.

Ogún ọdún ni Àbdùlwàhídù ti ń ṣe fassara ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudun Wada ní Minna yìí. Á gba fíìmù Íńdíà, á pa ohùn wọn, á fi ohùn tirẹ̀ sí i ní Hausa, tọkùnrin tobìnrin, á sì máa ki àwàdà bọ̀ ọ́ níbi tí kò sí. Àwàdà yẹn gan-an làwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ ra á. Ní báyìí, Luqman àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Slovakia ti bá a rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Jolana. Obìnrin náà ya fíìmù nípa ìyá ìyá rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn Róma. Ó fẹ́ kí a sọ ọ́ di Yorùbá, kí a sì fi han àwọn ará wa níbí. Wàhídù gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí.

"Tísà, ìwọ kọ ọ́, èmi á sọ ọ́," ló wí.

Mo bi í pé ta ni wọ́n ń pè ní Róma. Ó ní àwọn tí Òyìnbó ń pè ní jípísì ni, àwọn tó máa ń wo àtẹ́lẹwọ́. Mo ní ha, àwọn tó ń jí ọmọ gbé nínú ìwé ìtàn tí a kà ní sẹ́kọ́ńdírì. Nínú èmi àtòun, kò sẹ́ni tó rí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn rí. Òjò ò dá títí mo fi délé.

Àlàmísì, 7 oṣù Kẹjọ

Mo bá Jolana sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ń din nǹkan lórí iná bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì falẹ̀ bíi tèmi, nítorí náà a gbọ́ra wa yé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Yorùbá, kí ló dé tó fi jẹ́ Minna.

Ó ní, "Níbí, kí fíìmù mi tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó jókòó ti mọ ohun tí wọ́n máa rí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nǹkan kan nípa wa sí àwọn èèyàn létí."

Ó bẹ̀ mí pé kí a má lo jípísì, pé èébú ni lọ́dọ̀ àwọn. Róma ni kí a pè wọ́n. Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní gbọ́ orúkọ náà, ó ní ṣé Róòmù ti Póòpù ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n béèrè dáadáa.

Jímọ̀, 8 oṣù Kẹjọ

Mo ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Jolana sì fi kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà kan ń gbé ní òdìkejì odò kékeré kan, lẹ́yìn ìlú, níbi tí gbogbo ilé ti jẹ́ ti Róma. Ó ní ọmọ-ọmọ kan, Sidónia, ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n kó àwọn ọmọ Róma sí kíláàsì tiwọn lọ́tọ̀ nílé-ìwé. Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń wọ bọ́ọ̀sì mú ọmọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá ilé-ìwé, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Kò sí ohun tó ju ìyẹn lọ níbẹ̀.

Mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa wo àtẹ́lẹwọ́ títí fíìmù fi parí. Kò sẹ́ni tó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹjọ

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. A ń gbọ́ ohùn fíìmù náà gan-an kí a tó pa á. Ìyá àgbà pe Sidónia láti inú ilé. Wàhídù fò dìde lórí àga bí ẹni tí èèrà ta.

"Dakata! Tísà, dúró, dá a padà sẹ́yìn!"

Mo dá a padà. Ìyá àgbà tún sọ ọ́.

"Páànì! Ó ní páànì! Omi ni, wallahi omi ni!"

A wò ó síwájú. Lóòótọ́, Sidónia gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó kọrí sí ibi ẹ̀rọ omi. Wàhídù ò kọ́ èdè Íńdíà níbì kankan o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ fíìmù wọn fún ogún ọdún, tí gbogbo ìyá tó ń kú lọ nínú wọn ń tọrọ omi, kò lè má mọ omi. La bá pa iṣẹ́ tì, la bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Nígbà tí ìyá àgbà ń ka ẹyin, Wàhídù gbọ́ márùn-ún, ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é ní Íńdíà náà nìyẹn. Ó gbọ́ imú. Ó gbọ́ etí. Ó ń fọwọ́ kan imú àti etí ara rẹ̀ bí ọmọ ilé-kéú.

Mo fi ránṣẹ́ sí Jolana. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Íńdíà ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ ti kúrò lọ́kàn wọn, èdè ló kù. Wàhídù yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún ọdún, wọn ò gbàgbé omi. Haniyyah tiwa yìí, wọ́n fi Yorùbá ní kó gbé ìkòkò wá láàárọ̀, ó gbé abọ́."

Àlàmísì, 14 oṣù Kẹjọ

Òjò lórí páànù látàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la rí gbà sílẹ̀. Tòmátì ti wọ́n débi pé a ò jẹ ọbẹ̀ ata mọ́, ilá la ń jẹ.

Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

Ta ni yóò sọ ti ìyá àgbà? Wàhídù fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn kín-ín-kín-ín tó máa ń fún gbogbo arúgbó. Mo ní mo kọ̀. Mo ní Ìyá mi ni kó ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Ìyá, ohùn rẹ̀ sì ṣì mọ́ gaara. Ìyá Kéú ni gbogbo Tudun Wada ń pè é, nítorí ilé-kéú tí Bàbá wa dá sílẹ̀ lágbàlá yìí. Bàbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì, Ìyá ló ń bọ́ wọn, ogójì ọdún gbáko.

"N kò ní sọ ohun tí kò dá mi lójú," ni Ìyá wí. "Ṣé àwọn èèyàn yìí kì í jí ọmọ?"

"Wọn kì í jí ọmọ, Ìyá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Jolana ni, ọmọ wọn."

"Olè wo ló jẹ́wọ́ fún ọ rí?"

Síbẹ̀ ó wá, ó wọ híjáàbù funfun rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìwàásù. A dé ibi tí ìyá àgbà ti ń fọ nǹkan níta. Abọ́ ńlá mẹ́rin ló tò sílẹ̀. Aládùúgbò kan ki ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ bọ inú ọ̀kan, ó sì ń ṣan án. Ìyá àgbà pariwo lé e lórí, ó gbé abọ́ náà, ó sọ ọ́ sínú igbó. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé abọ́ náà ti lu ni. N kò mọ ohun tí ǹ bá tún rò.

Ìyá ní, "Dúró. Kò lu. Wò ó, omi wà nínú rẹ̀, kò jò. Ó ti bà á jẹ́ ni. Èyí tó ń fi fọ abọ́ oúnjẹ ni ọkùnrin yẹn ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ṣé ìwọ lè fi búútà tí a gbé wọ ilé ìyàgbẹ́ bu ọbẹ̀?"

Mo pe Jolana lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Nílé tiwọn, ti abọ́ oúnjẹ ọ̀tọ̀, ti ojú àti ọwọ́ ọ̀tọ̀, ti aṣọ òkè ọ̀tọ̀, ti aṣọ ìsàlẹ̀ ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá kan èkejì, wọ́n á sọ ọ́ nù, ì báà jẹ́ wúrà. Ó ní àwọn ará ìlú tó ń pe àwọn ní ẹlẹ́gbin, inú abọ́ tí wọ́n fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀fọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Ó la ẹnu sílẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́gbin? Tún un ṣe kí n wò ó."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un wò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sí ẹ̀rọ, ó sì fi ìbínú sí i débi pé Wàhídù pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Wàhídù ti dárà lónìí. Níbi tí ìyá àgbà ti kọ́kọ́ jáde, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní àárín ìlú, tí gbogbo èrò yíjú wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Wàhídù gbá àpò ara rẹ̀ mú, ó kígbe bíi kọ́ńdọ́kítọ̀: "Ẹ di aljihu yín mú o, Ìyá ti dé!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ó bi mí pé ṣé kí òun yọ ọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀, yóò fa èrò. Ìyá ti lọ sílé nígbà yẹn. Ó fi sínú ìpolówó ìṣẹ́jú kan, ó gbé e sórí Wọ́sáàpù kí a tó tìlẹ̀kùn.

Àlàmísì, 21 oṣù Kẹjọ

Gbogbo ibi ni ìpolówó náà ti ń dún. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sí Keteren Gwari, dírẹ́bà ń gbọ́ ọ, ó sì ń dá "di aljihu yín mú" sọ láàárín ara rẹ̀, Nupe ni o. Alàgbà Ajíbádé tó ń darí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pè wá, ó ní kí a wá lo gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Ìyá kì í wo Wọ́sáàpù. Ó ń gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu àwọn ọmọ, kò mọ ibi tó ti wá, n kò sì sọ fún un.

Jímọ̀, 22 oṣù Kẹjọ

Ìwé Jolana wọlé bí mo ti ń ṣe ìrun tán. Luqman ló fi ìpolówó náà hàn án.

"Níbi tí ìyá àgbà mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan sọ nǹkan, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nínú fíìmù mi. Kí ló sọ?"

Mo wá kọ ọ́ pé: "Ó ní kí wọ́n di fìlà wọn mú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́."

Kò tó ìṣẹ́jú kan tó dáhùn. "Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, kò mì."

Mo da ojú fóònù dé.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Kẹjọ

Kò kọ̀wé. Èmi náà ò kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kẹjọ

Obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé nono, wàrà kíkan, wá láti ọ̀nà Chanchaga dé lónìí, bó ti máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Igbá ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan ń kọjá lọ. Àwọn géńdé mẹ́ta yọrí jáde, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n kígbe mọ́ ọn pé, "Ẹ di aljihu yín mú o, Ìyá ti dé!" Wọ́n ń sín Wàhídù jẹ, kò sì yàtọ̀ rárá.

Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó bi mí ní Hausa, "Me suke cewa?" Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wí.

Mo ní kó má dá wọn lóhùn, wèrè ni wọ́n. Irọ́ mi ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ó wọn nono fún mi, ó tún bu ènì lé e bó ti máa ń ṣe. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ra nono lọ́wọ́ rẹ̀, òní ni mo tó béèrè orúkọ rẹ̀. Aminah ni. Ó rẹ́rìn-ín pé mo béèrè. Ojú tì mí débi pé n kò lè mu nono náà.

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kẹjọ

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí Jolana: ohun tí Wàhídù sọ, ìtumọ̀ rẹ̀, pé mo rẹ́rìn-ín, pé èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, pé kò sí fìlà, kò sí afẹ́fẹ́. Mo sọ ti Aminah pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ló fi ohùn ránṣẹ́. Kò jágbe rárá, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bí òun àti ìyá àgbà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà á sì máa tẹ́ ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kò mú nǹkan kan. Ó ní òun rò pé ó kéré tán, ibì kan á wà láyé tí ìyá àgbà á ti wọlé láìtẹ́ ọwọ́.

"Àwàdà yẹn, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ní èdè mẹ́fà," ló wí. "Fìlà yẹn ló dùn mí. Ìwọ ni etí mi níbẹ̀. Bí o bá purọ́ fún mi, mo ti dití nìyẹn."

Ó ní kí a yọ gbólóhùn náà, kí òun sì wà lórí fóònù lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi fíìmù náà hàn, kí òun máa rí àwọn èèyàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń gba fíìmù òun padà.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹjọ

Èmi àti Wàhídù jà.

"Haba Tísà! Fassara tí kò ní àwàdà, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Àwàdà ni wọ́n fi mọ̀ mí láti Bida dé Suleja. Nítorí gbólóhùn yẹn ni gbogbo wọn ṣe ń bọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ta ló máa wá wo arúgbó tó ń wọ bọ́ọ̀sì?"

"Ó ní á gba fíìmù rẹ̀."

"Kó gbà á! Mo bú u ni? Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe."

N kò kí ìyàwó rẹ̀ kí n tó jáde, èyí tí n kò ṣe rí. Tó bá di Ọjọ́ Ajé tí kò yí padà, màá sọ fún Jolana pé kó gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Jolana lánàá pé Wàhídù kò yí padà, ó ní kí n fún òun ní Wàhídù lórí fídíò. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ń túmọ̀. Wàhídù wú bí àkàrà. Mo rò pé Jolana máa bínú, ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí àwàdà á bọ́ sí? Ta ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Inú Wàhídù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ní ọ̀tá ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ọlọ́pàá, ọ̀rẹ́ ọ̀tá, olówó ahun.

"Ìyá ọ̀dọ́kùnrin tó ni fíìmù, ẹni tí ìtàn dá lé lórí ńkọ́?"

Wàhídù ṣe ha! "Ìyá ọmọ tó ni fíìmù kẹ̀? A kì í fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kano, òfin àkọ́kọ́ tó fún mi nìyẹn. Bí o bá fi ìyá ọmọ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn èèyàn á bínú, wọ́n á ní o ò ní ìyá."

Jolana sún mọ́ fóònù. Ó ní, "Nínú fíìmù tèmi, ta ni ọmọ tó ni fíìmù? Ta sì ni ìyá rẹ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Wàhídù wo ilẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé mo ti yọ ọ́." Kò tíì yọ ọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti yọ ọ́ lóòótọ́.

Àlàmísì, 4 oṣù Kẹsàn-án

Haniyyah ń sọ ti Sidónia. Hausa ń ta jáde nínú Yorùbá rẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì, Wàhídù sì ní kí n jẹ́ kí a wá ọmọ mìíràn. Haniyyah gbọ́. Ó ní, "Màámi, Sidónia náà kò gbọ́ èdè ilé-ìwé dáadáa. Ó ń sọ ti ilé ní ilé, wọ́n ń fi bó ṣe ń sọ ti ìta ṣe ẹlẹ́yà níta. Èmi nìyẹn." A fi í sílẹ̀. Mo ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mò ń gún ata.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹsàn-án

A parí. Iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo, ìdí nìyẹn tí a fi pẹ́. Jolana gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní òun fara mọ́ ọn. Ó ní ohùn Ìyá dùn létí òun. Mo gbèrò láti sọ ti ìpolówó náà fún Ìyá kí ọjọ́ tó pé. Ó ń sùn nígbà tí mo dé.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹsàn-án

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá. Màá kọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì la bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún, àga tán, àwọn kan dúró lẹ́bàá ògiri. Ìyá wà ní ìlà iwájú, ó wọ híjáàbù funfun. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì, mo kọ ojú rẹ̀ sí àwọn èrò kí Jolana lè máa rí wọn. Wàhídù tan ẹ̀rọ.

Bọ́ọ̀sì dúró nínú fíìmù. Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. A ti yọ gbólóhùn náà, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù. Àfi bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe ké lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ẹ di aljihu yín mú o, Ìyá ti dé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá àpò. Ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohùn Ìyá mi ti ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Mo rí Ìyá tó dìde. Ó rìn lọ síwájú iná ẹ̀rọ, àwòrán bọ́ọ̀sì náà sì hàn lára híjáàbù rẹ̀. Wàhídù dá fíìmù dúró.

"Ohùn ta lẹ gbọ́ yẹn?" ni Ìyá wí.

Wọ́n mú ọwọ́ kúrò ní àpò.

"Mo ní ohùn ta ni?"

"Ohùn yín ni, Ìyá," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Uzair, ìwọ nìyẹn? Ọdún mẹ́fà lo fi jẹ ẹ̀wà lágbàlá mi. Ajíbádé, ta ló ń tọ́jú bàtà rẹ nígbà tí ìyá rẹ lọ sí Mẹ́kà?" Ó wo wọn ní ìlà-ìlà. "Kí ni mo jí lọ́wọ́ yín? Ẹ sọ fún mi kí n lọ dá a padà."

Wàhídù jáde wá láti ìdí ẹ̀rọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ìyá, wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu."

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, Ìyá. Mo sì fi pa mọ́ fún yín."

Ìyá wò mí. Màá rántí ìwò yẹn. Ó wá ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí," ó sì lọ jókòó.

Àwọn mẹ́fà tàbí méje bọ́ síta, wọ́n ń kùn pé àwọn kò wá gba ìbáwí. Àwọn yòókù jókòó. Bọ́ọ̀sì tún dúró, ìyá àgbà tún sọ̀ kalẹ̀, a sì gbọ́ ohùn Ìyá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí a dé ibi abọ́ tí wọ́n sọ sínú igbó, mo gbọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe hùn-ún, hùn-ún. Nígbà tó parí, Alàgbà Ajíbádé béèrè pé ṣé wọ́n gba Sidónia sí kíláàsì yẹn. Jolana ní wọ́n gbà á lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó títí ọdún fi parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Jolana pè mí sídìí fóònù. Ìyá tẹ̀ lé mi, ó dúró tì mí.

"Wọ́n ké nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀," ni Jolana wí. "Ìyá rẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ké? Kí ni ìyá rẹ sọ?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo sọ ohun tí wọ́n ké fún un. Mo sọ ti Uzair àti ẹ̀wà, mo sọ ti Ajíbádé àti bàtà. Nígbà tí mo dé ibi "kí ni mo jí lọ́wọ́ yín," n kò lè parí rẹ̀. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, mo tún un sọ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà já.

Jolana yíjú kúrò lára fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ ní èdè wọn fún ẹnì kan tí a kò rí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìyá àgbà ti jókòó tì í látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. A gbọ́ ohùn arúgbó náà, ìyẹn ohùn rẹ̀ gan-an tí a ti pa nínú fíìmù, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Jolana ní, "Ó ní kí ìyá rẹ jókòó. Ó ti dúró pẹ́, ẹsẹ̀ á ti máa ro ó."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n sún àga wá, Ìyá sì jókòó.